Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Onílé-Ìwé Aládàáni: Ẹ Dá Ọjọ́ Ẹtì Padà fún Àwọn Ọmọ Praimárì Kìíní

Ẹ̀yin onílé-ìwé aládàáni ilẹ̀ Ìbàdàn àti ti gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oòjíire,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọmọ olọ́mọ. Mo mọ̀ pé owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù tíṣà kì í jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa, àti pé àwọn òbí kan wà tí wọn kì í san owó ilé-ìwé àfi tí sáà bá ku ọ̀la kó parí. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo wá bá yín jà. Tíṣà ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé-ìwé ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́, Praimárì Kìíní ni wọ́n sì sábà máa ń fún mi, torí àwọn yòókù kì í fẹ́ ẹ. Ní báyìí, èmi ni mò ń mú ọmọ-ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé aládàáni láràárọ̀, èmi náà ni mo sì ń ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ń fi sórí WhatsApp àwọn òbí, nítorí ìyá rẹ̀ kì í ráyè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ayẹyẹ inú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń gba àyè mọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, owó tó wà lápò òbí ni ayẹyẹ náà sì ń fi hàn, kì í ṣe ohun tí ọmọ mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ dá ọjọ́ Ẹtì padà fún ẹ̀kọ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ ṣe ayẹyẹ, kí ẹ fi ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ náà ṣe é.

Ẹni tí kò bá kọ́ Praimárì Kìíní rí lè rò pé eré ni. Kì í ṣe eré o. Láàárín Ajé sí Ẹtì, ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó mọ ìyàtọ̀ b àti d, kó ka nǹkan dé ogún láìfo ọ̀kan, kó di pẹ́ńsùlù mú kó má sì fi ya ìwé. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ọjọ́ Ajé ni a ń mú ohun tuntun wá, bóyá ìró kan, bóyá ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi mélòó kan. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, à ń tún un ṣe títí yóò fi sú èmi gan-an. Ọjọ́bọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tó bá kọ 5 tó kọjú sí ẹ̀yìn, a ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó jọ kọ ọ́. Ẹtì ni ìdánrawò. Ìdánrawò náà kò ju pé kí tíṣà pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi orí ṣe ìṣirò márùn-ún. Ibẹ̀ ni tíṣà ti ń mọ ẹni tó yẹ kó mú sún mọ́ iwájú ní Ajé tó ń bọ̀. Bí a bá yọ Ẹtì kúrò, kò sí bí tíṣà ṣe fẹ́ mọ ohun tó wọ ọmọ lórí àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń retí nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ á jáde síwájú, á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ lójú pátákó, á máa pè é díẹ̀díẹ̀: “bà... tà.” Kò ní mọ ohun tó pè. Á tún un pè, “bà, tà,” bí ẹni ń pe orúkọ àjèjì. Lójijì ojú rẹ̀ á là, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á sì kígbe: “Bàtà! Bàtà ni, ma!” Àwọn yòókù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ wọn, àfi bí ẹni pé wọn ò rí bàtà rí láyé. Mo rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sú mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ohun kan bá tọ́ sí ayẹyẹ nínú kíláàsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí kálẹ́ńdà ilé-ìwé kan tó yọ ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ wá wo àwọn tó ní ọjọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, aṣọ funfun àti àwọ̀ ewé, nítorí òmìnira. Ọjọ́ 5 oṣù náà, ẹ̀bùn fún tíṣà, nítorí àyájọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé. Kò ní pẹ́ tí ọjọ́ àwọ̀ yóò dé: ọ̀sẹ̀ yìí pupa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹ́lò, ọmọ tí kò bá sì ní ẹ̀wù yẹ́lò, kí ìyá rẹ̀ yáa gba ọjà Gbági lọ. Oṣù Kejìlá, Bàbá Kérésì dé, ó ń pín ẹ̀bùn tí òbí fúnra rẹ̀ ti san owó rẹ̀ ṣáájú. Oṣù Kejì, pupa tún padà wá nítorí ọjọ́ olólùfẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọjọ́ 21 oṣù kan náà ni ti èdè abínibí. N ó padà sórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, tí ilé-ìwé á kún fún dókítà àti awakọ̀ òfurufú, tí ẹ ò ní rí àgbẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí tíṣà. (Ìyẹn máa ń dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́.) Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ àwọn ọmọdé, èyí tó tọ́ sí wọn, n kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù Keje, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pẹ̀lú kóòtù gígùn àti fìlà onígun mẹ́rin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Ẹ fi ọjọ́ ìbí kún un. Ká ní ọmọ 25 ló wà nínú kíláàsì, tí sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ju ọ̀sẹ̀ 36 sí 39 lọ, ẹ bá mi ṣírò iye Ẹtì tó kù. Àwọn tí wọ́n bí sí àkókò ìsinmi pàápàá kì í gbà kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sún un sẹ́yìn títí ilé-ìwé yóò fi wọlé.

Mo ti wà níbẹ̀ rí lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀. Aago mọ́kànlá ni kéèkì wọlé, àwòrán ọmọ náà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti tábìlì síwájú, wọ́n fẹ́ bàlúùnù, wọ́n so ó mọ́ pátákó tí tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ìdánrawò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ọmọ ní kí wọ́n dúró de bàbá rẹ̀ tó há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Mọ́kọ́lá. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wo kéèkì, ooru ń mú wọn. Nígbà tí bàbá dé, fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò ni àpò ẹ̀bùn: ìgò omi, ìwé ìyàwòrán, bisikíìtì, súìtì, jùsì inú páálí, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí. Ìgbà tí wọ́n pín in tán, àwọn òbí ti ń dúró lẹ́nu géètì. Tíṣà kò ráyè ṣí bàlúùnù kúrò lójú pátákó. Ọmọdébìnrin tó jẹ́ tíṣà wọn ti rìn dé gbogbo ẹsẹ̀ tábìlì ní ọjọ́ náà, ó ń gbálẹ̀ kéèkì, kò sì sí ohun tó lè sọ nípa ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má sì bínú sí i. Òun kọ́ ló ṣètò rẹ̀.

Ọmọ kan wà nínú kíláàsì yẹn tí ìyá rẹ̀ ń ta ata. Tíṣà bi wọ́n léèrè, olúkúlùkù ń sọ oṣù tí wọ́n bí i. Ó kan ọmọkùnrin yìí, ó ní òun kò ní ọjọ́ ìbí. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ṣírò ohun tí ọjọ́ ìbí ń náni, ó sì ti wá ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ kò fi ní ná an. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí ọjọ́ 21 oṣù Kejì. Ní 1952, ní ìlú Dhaka tó wà ní Bangladesh báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de nítorí pé ìjọba Pakistan kọ̀ láti ka èdè Bengali mọ́ èdè ìjọba. Ọlọ́pàá yìnbọn, àwọn kan nínú wọn kú. Ní 1999, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fọwọ́ sí i pé kí a máa fi ọjọ́ tí wọ́n kú ṣe àyájọ́ èdè abínibí, láti 2000 ni gbogbo ayé sì ti ń ṣe é. Ibi tí ọjọ́ náà ti wá nìyẹn. Ní ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọ aṣọ òkè, kí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kí ọmọbìnrin wé gèlè. Àwọn ọmọ náà rẹwà, ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ pé wọn ò rẹwà. Gẹ̀ẹ́sì ni olóòtú ayẹyẹ fi darí ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n bi ọmọ-ọmọ mi pé kí ni wọ́n ń pè ní ohun tó wé sórí, ó dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ Ajé, ìyà tún padà fún ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nítorí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ láti ọdún kìíní dé ìkẹfà, tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Kíláàsì kejì ṣe bí a ti ń ṣe é nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo rẹ̀ kò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Mo mọ̀ pé ní oṣù Kọkànlá 2025 ìjọba àpapọ̀ fagi lé ètò èdè ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilẹ̀ wá. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ yín. Ohun tí mò ń wí ni pé kò sí òfin tó ní kí ọmọ má fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó kọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ẹtì, níṣojú ìyá àgbà rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò nìyí. Lẹ́yìn ìdánrawò Ẹtì, kí agogo ìpadàsílé tó dún, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó yípo lórí ẹní. Ọmọ márùn-ún ni yóò jáde lọ́sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá jẹ́ 25, ó ń kan olúkúlùkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ohun kan tó kọ́ lọ́sẹ̀ náà han àwọn yòókù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí òbí rà. Òbí tó bá ráyè lè wá dúró lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kí ó fi fóònù sápò.

Ọ̀sẹ̀ tí a bá ń kọ́ wọn ní bí irúgbìn ṣe ń hù, mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ike kékeré kan wá. A ó tẹ́ òwú tútù sí i, a ó fi ẹ̀wà méjì lé e lórí lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan. Ẹnì kan á sunkún pé tòun ti kú. Ọjọ́rú, ẹ̀wà ti wú, awọ rẹ̀ ti ń là. Ọjọ́bọ̀, ohun funfun tín-ínrín kan ti yọ lábẹ́, ilé-ìwé ò sì ní gbọ́ etí mọ́. Ọmọ kan wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ma, ẹ̀wà mi ti ní ìrù.” Ní Ẹtì, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó ṣàlàyé ìrù ẹ̀wà náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ da omi púpọ̀ sí i torí ti ọ̀rẹ́ òun ti rà. Ẹ ò lè ra irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní ọjà, ẹ̀wà náà kò sì tó náírà kan.

Ti ìṣirò náà rọrùn. Ọmọ kó kóró àgbàdo ogún wá. Ó kà á sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó mú mẹ́rin kúrò, ó ka èyí tó kù: ẹ́rìndínlógún. Ó dá mẹ́rin náà padà, ó mú mẹ́ta kúrò: ẹ́tàdínlógún. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí ti mọ ìyọkúrò kí tíṣà tó kọ àmì rẹ̀ sójú pátákó. Àwọn ọmọ yín tó ń ka nọ́ḿbà dé ọgọ́rùn-ún bí orin, ẹ bi wọ́n pé kí ni ó kù tí a bá mú mẹ́ta kúrò nínú ogún, ẹ wo bí ẹnu á ṣe dákẹ́.

Ní ti ọjọ́ ìbí, kò pọn dandan kí a pa á rẹ́. Kí ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí jókòó sórí àga tíṣà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n kí i ní oríkì. Ẹ sọ fún òbí kó kọ oríkì ọmọ náà sínú ìwé kékeré kó fi ránṣẹ́. Ẹ ó rí i pé àwọn òbí kan á ní láti pe ìyá wọn nílé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà kò burú. Kí ọmọ yan ìtàn tí wọ́n máa pa lọ́jọ́ náà. Òbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́ owó, tó sì wù ú láti ná an, kó ra ìwé ìtàn kan sínú kíláàsì, kó má kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i. Lópin sáà, ẹ se ìrẹsì kan fún gbogbo wọn pọ̀, ẹ ge kéèkì kan fún gbogbo ẹni tí wọ́n bí láàárín oṣù mẹ́ta náà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ata á wà nínú wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ ó ní àwọn òbí ló ń béèrè fún un, pé tí ẹ kò bá ṣe é, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì. Àwọn kan á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo dúró pẹ̀lú àwọn òbí lẹ́nu géètì lójoojúmọ́, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń fi àwòrán ojú ẹ̀rín ránṣẹ́ sórí WhatsApp ni wọ́n ń kùn níbẹ̀ nípa ẹ̀wù yẹ́lò. Ẹ ó tún ní fọ́tò ayẹyẹ ló ń polówó ilé-ìwé lórí Facebook. Ẹ gbé fídíò ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ka ìwé fúnra rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ òbí rẹ̀, kí ẹ wo èyí tí òbí á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò. Ohun kan sì wà tí ẹ kì í sọ: tíṣà yín ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra bébà aláwọ̀ àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe kíláàsì lọ́ṣọ̀ọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ iye tó ń gbà.

Ní 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Edo àti ti Imo fòfin de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò fẹ́ kí ó dé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí òfin tó bá wọ inú kíláàsì kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Tó bá lé fìlà onígun mẹ́rin lọ tán, ó lè lé ọmọ tó fẹ́ ka ewì lọ pẹ̀lú. Ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́ kó ṣe é.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni mò ń bẹ̀ yín. Kí ẹ má gba àlejò kankan láàyè ní Praimárì Kìíní lọ́jọ́ Ẹtì títí ìdánrawò yóò fi parí. Kí ẹ kọ gbogbo ayẹyẹ sáà kan sójú ìwé kan, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná òbí, kí ẹ fi lé òbí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì fi kún un mọ́. Kí ọjọ́ 21 oṣù Kejì tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ilé-ìwé, àti ọ̀gá ilé-ìwé àti aṣọ́gbà, á sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé ìgbà tí agogo ìpadàsílé bá dún, kódà kí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù wá.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ dán ìpàdé Ẹtì yìí wò ní sáà tó ń bọ̀, mo ṣetán láti wá jókòó ti tíṣà Praimárì Kìíní yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀wà àti òwú máa ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ẹ kàn bá mi wá àga tó ní ìfẹ̀yìntì, torí àga àwọn ọmọ yẹn kì í gba ìdí mi mọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá àgbà kan tó ti fi Praimárì Kìíní ṣiṣẹ́ jẹun, Ìbàdàn